Àmì Mẹ́ta Tí Mo Fi Abẹ́ Fá

Ojú Bàbá Rúlà ò fọ́ o. Ẹ jẹ́ n tètè sọ ìyẹn kí n tó mí, torí tí mo bá mí, ẹ̀rù á bà mí, màá tún gbé e mì bí mo ṣe gbé e mì fún oṣù méje. Gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń bá Bàbá kẹ́dùn ní káńsù, tẹ́ ẹ̀ ń sọ pé "Ẹ pẹ̀lẹ́ Bàbá, àgbà ló dé," ẹ yáa kó ẹ̀dùn yín padà. Ojú ọkùnrin yẹn mọ́ ju tèmi lọ. Ohun tí wọ́n ní àwọn rí, wọ́n rí i. Èmi tẹ́ ẹ̀ ń pè ní Alámì yìí, èmi tẹ́ ẹ máa ń ní ẹnu mi ò dákẹ́ títí wọ́n á fi ti ọ́fíìsì, èmi ni mo sọ òótọ́ ojú wọn di irọ́, mo sì wá mọ bí wọ́n ṣe ń dákẹ́ lórí ẹyọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó yẹ kí n sọ. Ó tó gẹ́ẹ́. Lónìí, gbogbo ẹ̀ ló ń jáde. Ó máa pa yín lẹ́rìn-ín láwọn ibì kan. Ẹ rín in, èmi náà ń rẹ́rìn-ín bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́, torí ara mi ti fúyẹ́. Ẹ ṣáà má gbàgbé pé ẹ̀ṣẹ̀ ni.

Ọ́fíìsì tiwa ní káńsù ni wọ́n ti ń yẹ àwòrán ilé wò. Ẹni tó bá fẹ́ gé ilẹ̀ sí púlọ́ọ̀tì, ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ilé ìtajà, ọ̀dọ̀ wa ló ń gbé àwòrán wá. Ìgbìmọ̀ á pe àwọn aládùúgbò, wọ́n á gbọ́ tẹnu wọn, wọ́n á wá kọ gbogbo ohun tí onílé gbọ́dọ̀ ṣe sínú ìwé tí à ń pè ní ìwé àṣẹ. Èmi ni mò ń tẹ ìwé àṣẹ. Kọ̀ǹpútà wa ti gbó, kò lè fi àmì kankan sórí ọ̀rọ̀, torí náà tí mo bá tẹ̀ ẹ́ tán, màá mú bírò dúdú ẹlẹ́nu tínrín, màá fọwọ́ fi àmì sí i lọ́kọ̀ọ̀kan, tòkè lókè, tìsàlẹ̀ nísàlẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti sọ mí ní Alámì. Bàbá Rúlà tí wọ́n jẹ́ ọ̀gá wa ló gbé òfin yẹn kalẹ̀. Ẹ jẹ́ n sọ ìdí ẹ̀ fún yín. Kí n tó débẹ̀, wọ́n kọ lẹ́tà sí tọkọtaya àgbàlagbà kan pé "A n bo wa wo ile yin." Wọ́n kàn fẹ́ wá wò ó ni o, kí wọ́n wo ibi tí ògiri ẹ̀ dé. Làwọn yẹn bá kà á pé a fẹ́ wá wó o! Nígbà tí Bàbá Rúlà débẹ̀, bẹ́ẹ̀dì ti wà níta, àga ti wà níta, ìyá yẹn gbá ìkòkò mọ́yà, bàbá yẹn sì jókòó sórí òrùlé, wọ́n ń pariwo pé, "Tẹ́ ẹ bá máa wó o, ẹ wó o mọ́ mi!" Odidi wákàtí kan ni Bàbá Rúlà fi dúró nísàlẹ̀ tí wọ́n ń bẹ̀ ẹ́ pé, "Ẹ̀gbọ́n, wíwò ni, kì í ṣe wíwó." Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ débi iṣẹ́, wọ́n pè mí jókòó, wọ́n ní, "Ọmọ mi, tó o bá yọ àmì kan lórí ọ̀rọ̀, o lè lé ẹnì kan jáde nílé ẹ̀." Mo ní mo ti gbọ́ sà. Mo gbọ́ ọ lóòótọ́. Ohun tó ń dùn mí jù nìyẹn, pé mo gbọ́ ọ.

Wàyí o, Oníbúlọ́ọ̀kù dé. Búlọ́ọ̀kù ni ọkùnrin yẹn ti ń mọ tà láti kékeré kó tó wá di ẹni tó ń kọ́ ilé ńlá. Ẹ̀rín ẹ̀ ga, bàtà ẹ̀ ń dún kó-kó-kó, kì í ṣèèyàn burúkú rárá, ìwé kíkà ni ò sí lọ́rọ̀ ẹ̀. Ó mọ̀wé o, sùúrù ni ò ní. Ó ra ilẹ̀ gbayawu tó wà lẹ́yìn àdúgbò wa, ó fẹ́ kọ́ ilé ìtajà alájà mẹ́ta sí i. Ilẹ̀ yẹn kì í ṣe tiwa, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Àmọ́ ọdún mọ́kàndínlógún ni Màmá Àgbà, ìyá ìyá mi tó tọ́ mi dàgbà, ti ń gbin tòmátì àti àlùbọ́sà sétí ibẹ̀, kò ju ìṣísẹ̀ márùn-ún lọ sí fèrèsé yàrá wọn. Lọ́jọ́ tí ìgbìmọ̀ pe àdúgbò, Màmá Àgbà dìde, wọ́n ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, mi ò ní kẹ́ ẹ má kọ́lé. Ẹ ṣáà fi díẹ̀ sílẹ̀ kójú máa rí ewé." Alága ìgbìmọ̀, obìnrin kan báyìí tó jẹ́ pé góńgó imú ni gíláàsì wọn máa ń wà, dá wọn lóhùn jẹ́jẹ́ pé, "Màmá, òfin ò mọ ewé, ọkọ̀ lòfin mọ̀. Àwọn tó bá wá rajà, ṣé orí ni wọ́n á gbé ọkọ̀ wọn rù ni?" Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Màmá Àgbà náà rẹ́rìn-ín, wọ́n jókòó. Àmọ́ ẹ̀yìn wọn ni mo jókòó sí, ọrùn wọn ni mò ń wò. Ọrùn yẹn ò rẹ́rìn-ín.

Ìgbìmọ̀ lọ fẹnu kò, ọ̀rọ̀ wá dọ́wọ́ mi. Nọ́ńbà keje nínú ìwé àṣẹ Oníbúlọ́ọ̀kù kà báyìí pé: "Ìdá kan nínú mẹ́rin ilẹ̀ yìí gbọ́dọ̀ wà fún ọkọ̀ nìkan, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri àwọn aládùúgbò." Mo tẹ̀ ẹ́, mo fi àmì sí i, gbogbo ẹ̀ pé pérépéré. Bàbá Rúlà gbé rúlà onígi wọn sábẹ́ ìlà kọ̀ọ̀kan bí wọ́n ṣe máa ń ṣe, wọ́n ń kà á sókè. Wọ́n dé nọ́ńbà keje, wọ́n ní, "fún ọkọ̀ nìkan," wọ́n gbọnrí, wọ́n fọwọ́ sí i. Wọ́n ní, "Alámì, ọwọ́ ẹ ti ń mọ́ o." Mo dúpẹ́. Mo gbé ìwé yẹn lọ sí yàrá tí ẹ̀rọ ẹ̀dà wà, kí n ṣẹ̀dà ẹ̀ fún Oníbúlọ́ọ̀kù. Abẹ́ tá a fi ń gé etí ìwé wà lórí tábìlì. Ẹ̀mí ọrùn Màmá Àgbà ló gbé mi wọ̀, àbí kí ni n bá pè é. Mo ti ilẹ̀kùn. Mo mú abẹ́ yẹn, mo fi ẹnu ẹ̀ fá àmì méjì tó wà nísàlẹ̀ ọ̀rọ̀ yẹn, mo fá ìkan tó wà lókè, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bí ẹni ń fá irun àgbọ̀n. Àmì mẹ́ta péré. Mo fẹ́ eruku ẹ̀ dànù, fùú. Mo wò ó. Ọkọ̀ ti di oko. Ìdá kan nínú mẹ́rin ilẹ̀ yìí gbọ́dọ̀ wà fún oko nìkan! Ẹ ò ní gbà á gbọ́, ẹ̀rín ló pa mí. Mo fọwọ́ bo ẹnu kí wọ́n má gbọ́ mi. Ṣé torí Màmá Àgbà nìkan ni mo ṣe ṣe é? Ohun tí mo ń sọ fún ara mi nìyẹn. Irọ́ ni. Ó dùn mọ́ mi pé èmi tí wọn kì í pè wọ ìpàdé àfi tí omi bá tán lórí tábìlì, èmi ni mo fi abẹ́ kékeré sọ ibùdó ọkọ̀ di oko. Ìgbéraga wà níbẹ̀. Ẹ kọ ìyẹn sílẹ̀ fún mi.

Oníbúlọ́ọ̀kù dé lọ́jọ́ kejì, kó-kó-kó. Mo ní, "Ẹ kà á o, sà, kẹ́ ẹ tó fọwọ́ sí i." Ó ní, "Ọmọ yìí, tí n bá ń ka gbogbo ohun tẹ́ ẹ̀ ń kọ, ìgbà wo ni n ó kọ́lé?" Ibi tí wọ́n kọ "Mo ti kà á, mo sì gbà" sí gan-an ló fọwọ́ sí. Ó lọ. Ilé bẹ̀rẹ̀ sí í ga. Nígbà tó kan àjà kẹta, Àǹtí Téèpù lọ yẹ̀ ẹ́ wò. Àwọn ló máa ń gbé téèpù lọ sórí ilé tí wọ́n ń kọ́, wọn kì í sì í gbójú fo nǹkan kan. Àwọn fúnra wọn ló fẹnu wọn sọ ọ́ fún wa ní ọ́fíìsì, gbogbo wa rín títí omi fi bọ́ lójú wa, àfi èmi tí mo kọjú sí kọ̀ǹpútà. Wọ́n ní àwọn sọ fún un pé, "Ọ̀gá, ilé yìí dáa. Oko dà?" Ó ní, "Ọkọ̀ mi rèé níta." "Mi ò béèrè ọkọ̀. Oko ni mo wí." "Oko kẹ̀? Ta ló ń dáko?" "Ẹ̀yin ni, sà. Ìdá kan nínú mẹ́rin. Ẹ fọwọ́ sí i." Ló bá gba ìwé yẹn, ó kà á fún ìgbà àkọ́kọ́ látìgbà tó ti gbà á. Ó kà á tán, ó yí i padà, ó ń wo ẹ̀yìn ẹ̀ bóyá ọkọ̀ wà lọ́hùn-ún.

Òfin wa ni pé ìwé tí tọ̀tún-tòsì bá ti fọwọ́ sí kò ṣeé yí padà. Tí Oníbúlọ́ọ̀kù bá fẹ́ yí i, àfi kó lọ tún gbogbo àwòrán gbé wá láti ìbẹ̀rẹ̀, kílé dúró lójú kan fún ọdún kan. Ẹni tí ò ní sùúrù láti ka ìwé ojú kan, ṣé ó máa ní sùúrù ọdún kan? Ó gba oko. Àmọ́ Alága fẹ́ mọ ẹni tó ṣàṣìṣe. Wọ́n pe gbogbo ọ́fíìsì jọ sí gbọ̀ngàn ìpàdé lọ́sàn-án gangan. Wọ́n ní, "Ọkọ̀ la fẹnu kò lé. Ta ló sọ ọ́ di oko?" Mo mọ̀ pé èmi ni wọ́n máa kọ́kọ́ bi. Mo ti ń la ẹnu, mi ò mọ ohun tó fẹ́ jáde níbẹ̀. Ni Bàbá Rúlà bá dìde kí wọ́n tó kàn mí. Wọ́n ní, "Ẹ má bi ọmọ yẹn léèrè. Ẹni tó bá kàwé kẹ́yìn ló lẹ̀bi." Wọ́n gba ìwé yẹn. Wọ́n gbé e súnmọ́ ojú, wọ́n gbé e jìnnà, wọ́n gbé e síbi tí oòrùn ń gbà wọlé látojú fèrèsé. Àmọ́ mo ti fá a dáadáa ju bó ṣe yẹ lọ. Wọ́n ní, "Alága, mo lè búra pé mo rí àmì níbí. Mo rí i, mo kà á sókè. Ṣùgbọ́n ìwé ò lójú tó máa fi tijú mi. Tí ò bá sí níbẹ̀, a jẹ́ pé kò sí níbẹ̀. Ojú mi ló ń parọ́ fún mi." Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń kà mí, ibẹ̀ ló yẹ kí n ti dìde. Ìjókòó mi ò ní gọ́ọ̀mù. Mo jókòó. Bàbá Rúlà gbé rúlà wọn sórí tábìlì níwájú Alága, wọ́n rọra fi í sílẹ̀, wọ́n jáde. Látọjọ́ yẹn, ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ń jókòó sí, fọ́ọ̀mù ni wọ́n ń pín fún àwọn tó ń wọlé.

Ẹ má rò pé inú mi bàjẹ́ lójú ẹsẹ̀ o. Oko yẹn dùn ún wò! Oníbúlọ́ọ̀kù pe Màmá Àgbà pé kí wọ́n wá bá òun tọ́jú ẹ̀, torí òun ò mọ ewé tòmátì yàtọ̀ sí ewé kárọ́ọ̀tì. Àwọn tó háyà ṣọ́ọ̀bù bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun ọ̀sán níbẹ̀, àwọn ọmọdé ń sáré láàárín ebè, àwọn oníbàárà ń gbé ọkọ̀ sétí títì, kò sẹ́ni tó kú. Kò pẹ́ tí Oníbúlọ́ọ̀kù fi ń sọ fún gbogbo ayé pé orí òun ló ti wá. "Èmi ni mo ronú ẹ̀! Mo ní, ilé ìtajà tí ò ní oko, kí ló fẹ́ tà?" Màmá Àgbà á ṣẹ́jú sí mi, a ó rẹ́rìn-ín. Inú wa ń dùn. Tí mo bá wá wọlé káńsù láràárọ̀, Bàbá Rúlà á wà lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á ní, "Alámì, ta ni yẹn tó ń bọ̀ lọ́hùn-ún? Ṣé obìnrin ni?" Wọ́n sì rí i dáadáa! Wọn ò gba ara wọn gbọ́ mọ́ ni. Wọ́n lọ bá dókítà ojú, dókítà ní ojú wọn mọ́ bíi tọmọ ogún ọdún. Wọ́n sọ fún mi pé, "Ọmọ gidi ni dókítà yẹn. Ó ń tù mí nínú."

Ọjọ́ tó wá pa mí rèé. Bàbá Rúlà ò ní ìyàwó mọ́, ọmọbìnrin kan ṣoṣo ni wọ́n ní, ọ̀nà jíjìn ló ń gbé, lẹ́tà ló sì máa ń kọ sí wọn torí wọ́n kórìíra fóònù. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan wọ́n yọ lẹ́tà kan lápò, ó ti rún. Wọ́n ní, "Bá mi kà á, ọmọ mi. Ọjọ́ kẹrin rèé tí mo ti ń gbé e kiri. Mo ti kà á, àmọ́ ohun tí mo rí níbẹ̀ dùn ju pé kó jẹ́ òótọ́ lọ. Ojú mi lè máa tàn mí." Mo ṣí i. Ọmọ wọn ló bímọ. Ìbejì! Ọkùnrin kan, obìnrin kan, ó ní kí bàbá òun máa bọ̀ kíákíá. Mo kà á fún wọn. Wọ́n ní, "Tún un kà." Mo tún un kà. Wọ́n ní, "Méjì ni ó kọ síbẹ̀?" Mo ní méjì ni, sà. Wọ́n bú sẹ́kún ayọ̀, wọ́n ń gbá mi lẹ́yìn, wọ́n ń súre fún mi, pé Ọlọ́run ò ní jẹ́ kójú tèmi ṣe bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ mẹ́rin, ẹ gbọ́ mi o! Ọjọ́ mẹ́rin ni ìròyìn ìbejì fi wà lápò bàbá àgbà wọn, tí wọn ò lè yọ̀, nítorí abẹ́ tèmi. Mo sá lọ sí ilé ìtọ̀, mo jókòó, mi ò tọ̀.

Mo délé, mo sọ fún Màmá Àgbà. Apẹ̀rẹ̀ tòmátì wà lẹ́sẹ̀ wọn. Wọ́n gbọ́ ọ tán, wọ́n ní, "Ìwọ lo gbé oko yìí fún mi?" Mo ní èmi ni. "Ojú ọlọ́jú lo fi rà á?" Wọ́n fi ẹsẹ̀ ti apẹ̀rẹ̀ yẹn sọ́dọ̀ mi. "Màá fẹ́ràn kí ogún ọkọ̀ máa tú èéfín sí mi lórí bẹ́ẹ̀dì ju kí n jẹ èyí lọ. Dìde. Bàtà ẹ wà lẹ́nu ọ̀nà." Mo ní, "Màmá, wọ́n máa lé mi lẹ́nu iṣẹ́." Wọ́n ní, "Kí wọ́n lé ẹ. Ṣé inú iṣẹ́ ni mo bí ìyá ẹ sí ni?"

Ṣọ́ọ̀bù Onígbàjámọ̀ kan ló wà lábẹ́ ilé Bàbá Rúlà, ibẹ̀ ni mo ti bá wọn, wọ́n ń gé irun. Mi ò lè dúró kó gé e tán. Mo kúnlẹ̀ sáàárín irun tó wà nílẹ̀, mo sọ gbogbo ẹ̀, abẹ́, ẹ̀rọ ẹ̀dà, eruku tí mo fẹ́ dànù. Onígbàjámọ̀ gbé ẹ̀rọ dúró lókè. Bàbá Rúlà kọjú sí mi. Wọ́n ní, "Àmì wà níbẹ̀?" Mo ní, "Ó wà níbẹ̀, sà." "Mẹ́ta?" "Mẹ́ta, sà." "Mo rí i?" "Ẹ rí i, sà! Ohun tẹ́ ẹ rí gan-an ló wà níbẹ̀!" Ọkùnrin yẹn fò dìde tòun taṣọ irun lọ́rùn. Wọ́n kọjú sí ògiri, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ka gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ sókè. "Ẹ má tutọ́ síbí! Ẹ gbé ọmọ yín dání! Àwìn ò sí lónìí, ẹ wá lọ́la!" Wọ́n mú ìgò ìpara, wọ́n ka lẹ́tà wíntiwínti tó wà lẹ́yìn ẹ̀, tẹ́nì kan ò kà rí láyé. "Ẹ má jẹ́ kó kan ojú! Onígbàjámọ̀, ṣé o mọ̀ pé wọ́n ní kó má kan ojú?" Ó ní, "Bàbá, mi ò mọ̀ o!" Wọ́n jó jáde sí títì pẹ̀lú ìdajì irun ní gígé, ìdajì ṣì wà lórí, wọ́n ń ka nọ́ńbà ọkọ̀ tó ń kọjá. Wọ́n yọ lẹ́tà ọmọ wọn, wọ́n fúnra wọn kà á fún gbogbo àdúgbò, "Ìbejì! Méjì ni! Mo rí i lọ́jọ́ àkọ́kọ́!" Mo ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀. Wọ́n padà wọlé, wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ, wọ́n ní, "Alámì, mo máa bínú sí ẹ. Ìbínú ńlá ni. Àmọ́ ó di ọ̀la. Lónìí, mo fẹ́ kàwé."

Nígbà tí ọ̀la dé, wọ́n sì bínú. Mi ò ní sọ gbogbo ohun tí wọ́n wí, mo tọ́ sí i. Wọ́n ní kí n lọ sọ ọ́ níwájú ìgbìmọ̀ àti gbogbo aládùúgbò, kí n má fi ẹyọ kan pamọ́. Mo ṣe é ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀. Nígbà tí mo parí, Alága kọjú sí Oníbúlọ́ọ̀kù, wọ́n ní, "Ẹ̀yin náà la ṣẹ̀. Ṣé ẹ fẹ́ kí a dá ibùdó ọkọ̀ yín padà fún yín?" Gbogbo ojú lọ sọ́dọ̀ ẹ̀. Òógùn bò ó. Ó ní, "Alága, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bà mí lórúkọ jẹ́. Oko lèmi fẹ́ látìbẹ̀rẹ̀." Àwọn ènìyàn rín débi pé Àǹtí Téèpù ṣubú lórí àga. Ìgbìmọ̀ wá jókòó lé e ní tòótọ́, wọ́n dìbò, oko dúró, ní gbangba, láìsí abẹ́. Bàbá Rúlà padà sídìí tábìlì wọn. Èmi, wọ́n gba bírò lọ́wọ́ mi fún ọdún kan. Yàrá fáìlì ni mo wà báyìí, mò ń gbọn eruku ara àwòrán ilé táwọn tó kọ́ wọn ti kú. Mò ń kọrin níbẹ̀. Láti oṣù méje, mi ò tíì sun oorun tó dùn tó tìsinsìnyí.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ mi, tẹ́ ẹ wà nídìí kọ̀ǹpútà àti nídìí fáìlì, tẹ́nì kan ò pè yín wọ ìpàdé, mo mọ bó ṣe ń ṣe yín. Ẹ má fi ọgbọ́n yín gba ẹ̀tọ́ tó dáa lọ́nà tí ò dáa. Mo rí oko gbà, ó lẹ́wà, mi ò lè purọ́ pé kò lẹ́wà. Àmọ́ ká ní mo ti dìde lọ́jọ́ ìpàdé yẹn, tí mo ní "Alága, ẹ jẹ́ kí ìyá àgbà yìí ní ewé," bóyá wọn ì bá gbà. Mi ò gbìyànjú ẹ̀ wò. Tí ẹ bá sì ti ṣe é ná, ẹ má jẹ́ kí ẹlòmíràn fi ara ẹ̀ rù ú fún yín, kódà tó bá ní òun fẹ́ bẹ́ẹ̀.

Bàbá Rúlà ò tíì ní àwọn dárí jì mí. Mo bi wọ́n lánàá, wọ́n ní kí n kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀, kí n gbé e wá, àwọn máa kà á fúnra wọn. Ohun tẹ́ ẹ̀ ń kà yìí nìyẹn. Ọwọ́ wọn ló kọ́kọ́ máa dé kó tó kan ẹnikẹ́ni. Bàbá mi, ẹ ti kà á débí. Mo kúnlẹ̀, sà. Ẹ jọ̀ọ́.